Imú Bàbá Bàyíà

Ikán kò mọ baba ẹnì kan. Nígbà tí Lafiatou fi máa rí wọn, wọ́n ti jẹ igi tó yí àwòrán Bàbá Bàyíà ká láti ìsàlẹ̀ wá, wọ́n sì ti ń wo àgbọ̀n bàbá náà bí ẹni ń wo ẹran inú ọbẹ̀.

“Yéè! Ikán ti jẹ bàbá yìí tán ní sàréè, wọ́n tún wá bá a délé!”

Gbogbo àdúgbò Akron ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Lafiatou jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, òun sì ni ọmọ obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé náà. Ohùn rẹ̀ tóbi, ìdí rẹ̀ tóbi, òun fúnra rẹ̀ a sì máa sọ pé Ọlọ́run tó fún òun ní méjèèjì ló gbàgbé láti fi sùúrù díẹ̀ há àárín wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí ẹbí pàdé. Faïzou, ọmọ Soumanou àbúrò rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Kraké, ti kú. Wọ́n ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, ó wá ku kí wọ́n pinnu ẹni tó máa ni yàrá rẹ̀. Ẹbí kì í sì í pàdé ní pálọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn láìjẹ́ pé Bàbá Bàyíà wà lára ògiri, tó ń gbọ́ wọn.

Àwòrán náà kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Orí ọkùnrin kan ni, nínú òbíríkítí, tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ènìyàn. Ewé yí orí rẹ̀ ká, ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò, imú rẹ̀ sì ga, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹnu àṣá. Lẹ́tà kan yí i po tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò kà rí: àwọn alùfáà ní kì í ṣe Lárúbáwá, àwọn ọmọ ilé-ìwé ní kì í ṣe Faransé. Ohun tí ilé mọ̀ ni pé bàbá tó kọ́ ilé náà, tó ti oko ẹrú dé láti Bàyíà pẹ̀lú ọ̀bẹ bíríkìlà lọ́wọ́ àti Fátíhà lẹ́nu, òun ló gbé àwòrán náà bọ̀ nínú àpótí. Ta ni ènìyàn ì bá tún gbé àwòrán rẹ̀ la òkun kọjá bí kò ṣe tara rẹ̀?

Nítorí náà, bí wọ́n bá bímọ sí ilé náà, lọ́jọ́ kẹjọ tí alùfáà bá ti pe orúkọ tán, wọ́n á gbé ọmọ lọ síwájú àwòrán, wọ́n á yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ obìnrin àgbà á wo imú tòkè, á wo imú tìsàlẹ̀, á ní, “Ó jọ ọ́.” Ilé á hó yèè. Alùfáà á máa wo àjà ní tiẹ̀, bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Àmọ́ láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ keje, ọmọ obìnrin àgbà yìí kan náà ló ń wẹ ọmọ. Á fi òrí gbígbóná fún imú rẹ̀ láàárọ̀, á tún un fún nírọ̀lẹ́, tó fi jẹ́ pé bí ọjọ́ kẹjọ bá máa pé, imú jòjòló á ti pọ́n, á dúró ṣánṣán bí ata. Bí ìyàwó kan bá béèrè pé ṣé kì í ṣe fífún yìí ló gbé imú dìde, ilé ní ìdáhùn rẹ̀ nílẹ̀: òrí kò dá imú, ó kàn ń rán an létí ilé ni.

Láti ọgbọ̀n ọdún tí Lafiatou ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ọmọ kan ṣoṣo ni ó kọ̀ láti sọ nípa rẹ̀ pé ó jọ ọ́. Ọmọ Faïzou ni. Ọdún mẹ́wàá rèé.

Ó fi aṣọ ìró kan wé àwòrán, ó gbá a mọ́ àyà, ó gun zémì. Olókadà náà ń rá mọ́ orí àgbá epo bí aláǹgbá.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀.”

“Ibo ni kí n sún sí? Ìdí tí Ọlọ́run fún mi ni mo gbé jáde, mi ò lọ yá a. Máa wa nǹkan ẹ!”

Kader nìkan ni wọ́n ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń tún igi àwòrán àtijọ́ ṣe láìba ìwé inú rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n Kader ti gbé iṣẹ́ lọ fún oníbàárà. Obìnrin kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń họ igi, ìyẹ̀fun igi ti bo ojú rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Lafiatou mọ̀ ọ́n. Roukaya ni, ìyàwó Faïzou, ọmọ àgbẹ̀ Akpro-Missérété, ẹni tí òun fi ẹnu ara òun lé kúrò nílé.

“Ẹ káàbọ̀, ìyá ọkọ mi,” ni Roukaya wí. Kò dìde, kò kúnlẹ̀.

“Orúnkún ló ń dùn ẹ́ ni?”

“Ó le koko. Ó kàn mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ni.”

“Kader dà?”

“Ó jáde. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ gbé wá yìí, èmi ni yóò ṣe é. Ẹ gbé e sílẹ̀, tàbí kí ẹ gbé e padà fún ikán.”

Bí Lafiatou ṣe fẹ́ yíjú padà, ikán kan yọ láti inú ìró tó gbá mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọmú rẹ̀. Ó wò ó. “Ìwọ náà ò mọ ibi tó ò ń lọ,” ló wí fún un, “ibẹ̀ yẹn ti gbẹ tipẹ́.” Ó gbọn ikán dànù, ó gbé àwòrán sórí tábìlì.

Ọmọbìnrin kan wà ní kọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Ó dìde, ó wá wo àwòrán.

“Màmá, ó dà bí orí tó wà lára owó.”

Lafiatou wo ọmọ náà. Aïchath ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá. Imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀, ihò rẹ̀ méjèèjì ń wo iwájú bí fèrèsé ilé olójú méjì. Nǹkan kan gún Lafiatou láyà, ó sì fi ìgbéraga gbá a dànù.

“Ta ló bi ẹ́?” ló fi já mọ́ ọmọ náà.

“Ẹ má bá ọmọ mi sọ̀rọ̀!” Roukaya ti dìde. “Èyí tí ẹ sọ lọ́jọ́ kẹjọ rẹ̀ tó o títí ayé.”

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìjà náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n mú Roukaya wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ni wọ́n mú un lọ kí Bàbá Bàyíà. Ó gbójú sókè, ó wo ọrùn àti èjìká ìhòòhò yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá yìí ò ní aṣọ ni?” Lafiatou gbé ẹ̀rín yẹn mì, kò sì dà nínú rẹ̀. Nígbà tí Roukaya bímọ, Lafiatou ní ọwọ́ ń ro òun, òun kò lè wẹ ọmọ. Roukaya fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, kò mọ nǹkan kan nípa imú fífún. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n gbé ọmọ síwájú àwòrán, imú rẹ̀ sì tẹ́ bí Ọlọ́run ṣe fi í sílẹ̀. Ẹnì kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé imú Soumanou, bàbá bàbá rẹ̀, kúkú nìyẹn.

Lafiatou ló dá a lóhùn. “Imú Soumanou fọ́ ni. Ẹ ti rí ibi tí ọmọ ti ń jogún àpá?”

Ta ló máa bá a jiyàn? Gbogbo ilé ló mọ̀ pé nígbà tí Soumanou wà lọ́mọ ọjọ́ mẹ́fà, Lafiatou tó gbé e dání, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jù ú sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, imú rẹ̀ sì rún. Láti kékeré ni Soumanou ti ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn náà. Òun ni olórí ilé, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló ń sùn, Lafiatou ló jogún òkè. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ pé ọmọ Roukaya kì í ṣe ọmọ ilé. Roukaya di ẹrù rẹ̀. Faïzou, tó jẹ́ pé ẹkùn ni nídìí ọkọ̀, ológìnní ni níwájú àwọn ìyá rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Jímọ́ ló ń gbé oúnjẹ àti aṣọ lọ sí Akpro-Missérété, títí tó fi kú.

“Mo ń bọ̀ ní ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú,” ni Roukaya wí. “Yàrá bàbá Aïchath, ti Aïchath ni.”

“Wá o.” Lafiatou nàka sí àwòrán. “Má ṣáà gbàgbé láti gbé ẹlẹ́rìí mi dání.”

* * *

Lọ́jọ́ Àìkú, pálọ̀ kún. Lafiatou jókòó sórí àga ńlá, ó gbé imú rẹ̀ sókè. Soumanou jókòó sítòsí rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ikú ọmọ rẹ̀ ti gbẹ ẹ́ bí ẹja. Roukaya wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó kí Soumanou nìkan, ó sì tú àwòrán sílẹ̀. Ó ti fi igi tuntun sí i. Iwájú ní dígí, ẹ̀yìn náà ní dígí.

“Kí ni dígí ń wá lẹ́yìn?” ni Lafiatou bi í.

“Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rí.”

Ó yí i padà. Ariwo sọ. Orí ọkùnrin mìíràn wà níbẹ̀, nínú òbíríkítí bíi ti àkọ́kọ́, irun rẹ̀ dì bí ìdì òwú, ọ̀rọ̀ sì tò sábẹ́ rẹ̀ ní ìlà kéékèèké.

“Ta wá nìyẹn?” ni Soumanou béèrè.

“Ẹ bi ìyá ọkọ mi léèrè. Bóyá ìyẹn náà jẹ́ bàbá yín.” Roukaya kò rẹ́rìn-ín. “Ewé kan tó já nínú ìwé ni. Olúfẹ́mi, tíṣà tó ń gbé iṣẹ́ wá fún Kader, ló ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Èdè Látìn ni. Èyí tó wà níwájú, Gálúbà lorúkọ rẹ̀, ọba àwọn ará Róòmù ni, ó ti kú láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Oṣù méje ló fi jọba kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí. Èyí tó wà lẹ́yìn yìí, Ótò, òun ló ní kí wọ́n pa á.”

“Irọ́!” Lafiatou lu àga. “Bí wọ́n bá ti bẹ́ ẹ lórí láti ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, ta ló wá rí i yà? Ìwọ lo lọ tẹ ìwé yìí!”

“Wọn ò rí i. Owó rẹ̀ ni wọ́n rí.” Roukaya fi ìka tọ eteetí òbíríkítí náà. “Ẹ wo àwọn tótótó yìí. Etí owó nìyẹn. Àwọn òyìnbó Ítálì àti ti Faransé ń hú owó àtijọ́ nínú ilẹ̀, orí ọba sì wà lára rẹ̀, bí orí ènìyàn ṣe wà lára náírà tí ẹ ń ná ní Kraké. Wọ́n á wo orí yẹn, wọ́n á fi irin ṣóńṣó gbẹ́ ẹ sára irin bàbà pẹrẹsẹ, wọ́n á fi tàdáwà kùn ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọdún tí wọ́n tẹ èyí wà nísàlẹ̀ níbí. Ó lé ní àádọ́ta lé nírinwó ọdún. Ẹni tó kọ́ ilé yìí kò tíì dáyé, baba ńlá baba ńlá rẹ̀ kò tíì dáyé. Ó rí i ní Bàyíà, ó wù ú, ó rà á. Ó tán.”

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa imú ara rẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tí gbogbo pálọ̀ fi di imú mú bí ẹni pé òórùn burúkú wọlé.

“Ta wá la ti ń jọ láti ọjọ́ yìí?” ni Soumanou wí.

Lafiatou náà di tirẹ̀ mú. Imú tó fi yan lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀! Imú tó fi ń wo àwọn orogún rẹ̀ láti òkè sísàlẹ̀! Kèfèrí kan tí kò ní orí ló ni ín. Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n láti inú ikùn, ó fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ó rí ojú Roukaya, ẹ̀rín náà sì padà di oró.

“Ó dáa. Bàbá Bàyíà ti kúrò lára ògiri. Ṣùgbọ́n imú wa ò kúrò lójú wa. Ẹ wo gbogbo wa tá a jókòó síbí! Ta ni ọmọ yìí jọ?”

Soumanou tẹjú mọ́ ọmọ náà bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ. “Ó jọ èmi,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi jẹ́rìí? Ẹ̀gbọ́n ti fọ́ tèmi.”

“Ẹ ṣé, bàbá,” ni Roukaya wí. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. “Aïchath, dìde. Wọ́n ní o ò jọ ẹnikẹ́ni.”

Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi bo imú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti já lára Lafiatou. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn, òun mọ̀ ọ́n. Òun náà ti fi bo imú ọmọ rí, nínú pálọ̀ yìí, níwájú àwòrán yìí. Ìyá wọn kú níbi tó ti bí Soumanou. Ọ̀fọ̀ ni gbogbo ilé ń ṣe, kò sí ẹni tó rántí fún imú ọmọ òrukàn. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, ìyá àgbà tó wà nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn yí ojú ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí imú pẹrẹsẹ, ó sì la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, Lafiatou ọmọ ọdún mọ́kànlá ti já ọmọ gbà, ó ti fọwọ́ bo imú rẹ̀, ó ti pariwo pé òun ló jù ú sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, pé imú rẹ̀ ga tẹ́lẹ̀. Wọ́n nà án débi pé kò lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ di ọmọ ilé.

Irọ́ yẹn pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

“Roukaya! Dúró!”

“Kí ni ó tún kù tí ẹ fẹ́ sọ?”

“Mo ní kí o dúró, olórí kunkun!” Lafiatou fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, ó dìde, eegun rẹ̀ ké kọ́kọ́kọ́. Ó fa Soumanou dìde, ó yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ó na ọwọ́ sí Aïchath. Roukaya kò jẹ́ kí ó kan ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ ọmọ kúrò lójú, tó sì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá bàbá rẹ̀. Lafiatou wo imú tòkè, ó wo imú tìsàlẹ̀.

“Ó jọ ọ́,” ló wí.

“Ẹ̀gbọ́n, imú mi fọ́...”

“Imú ẹ ò fọ́. Mi ò jù ẹ́ sílẹ̀ rí, Soumanou. Bí mo ṣe gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyá wa ni imú ẹ ṣe rí yẹn, pẹrẹsẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Mo purọ́ kí wọ́n má baà lé ẹ. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé imú sókè yìí, èmi àti òrí la ṣe yín. Bóyá àwọn méjì yìí nìkan ló gbé imú ilé yìí gan-an. Àwa yòókù, Gálúbà ló fi òrí bí wa!”

Ẹ̀rín tó ti há sí i láti àárọ̀ wá bú jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, àwọn kan sì bá a rẹ́rìn-ín. Soumanou kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

“Gbogbo Iléyá ni mo ti ń sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé ẹ fọ́ mi nímú!”

“Mo sì ń jẹ ẹran Iléyá mi lọ.”

“Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo fi ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn ilé bàbá mi!”

“Ìyẹn... ìyẹn dùn mí.”

“Ó dùn yín! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé òkè?”

Lafiatou wo ilẹ̀. “Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dáa ni.”

“Wọ́n lé ọmọ ọmọ mi jáde, ẹ ń wò. Ọmọ mi ń jí oúnjẹ gbé lọ fún ọmọ ara rẹ̀ bí olè títí ó fi kú, ẹ ń wò.” Soumanou yíjú sí gbogbo pálọ̀. “Yàrá Faïzou, ti Aïchath ni. Ẹni tí kò bá gbà, kó bá mi níta. Ẹ̀yin, Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó ẹrù yín sọ̀kalẹ̀. Lónìí.”

Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Lafiatou wò yíká fún ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́, kálukú ń wo imú ẹnì kejì.

Nígbà tí oòrùn yí sí ìwọ̀-oòrùn, Soumanou di igi àtẹ̀gùn mú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Aïchath di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, ó ń ka àtẹ̀gùn fún un ní Faransé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ní agbedeméjì ni wọ́n pàdé Lafiatou tó gbé ẹní àti ìrọ̀rí lérí, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, tó sì dí ọ̀nà pátápátá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún.”

“Ibo ni kí n sún sí?” ni Lafiatou wí. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fa ikùn mọ́ra, ó fa gbogbo ohun tó ṣeé fà mọ́ra, wọ́n sì fún ara wọn kọjá.

Yàrá tí wọ́n fún un ní ìsàlẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Faïzou. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Roukaya dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ibẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ti gbé àwòrán náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó yí Gálúbà kọjú sí ògiri, Ótò ló ń wo ènìyàn. Lafiatou sọ ẹní kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ìyàwó, a ti wá di aládùúgbò. Ṣé o ò ní kí mi?”

“Ẹ káàbọ̀ sísàlẹ̀,” ni Roukaya wí. “Ẹ má fọwọ́ kan imú ọmọ mi láé.”

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.